Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́: Ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wọ̀n kó tó ra jíà iwájú kẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá ti fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé ìdì iṣu tàbí àpò kòkó láti oko wá sílé ní agbègbè Ìdóànì mọ̀ pé òkè kì í bojú wo ẹni tó ti rẹ̀. Láti Ìdóànì dé Àfọ̀, Ìdógùn àti Ìmẹ̀rí, bí èèyàn ṣe ń bọ́ lórí òkè kan ló ń kan òmíràn. Ẹni tó ń dáko níhà Ọ̀kèlúsè, Ùtẹ̀ àti Àrìmọ́gijà rí ilẹ̀ tó tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, ọjà Ìfọ́n àti ọjà Ọ̀wọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń ná.

Ní ayé Ráálè, ọ̀rọ̀ náà kò le. Kẹ̀kẹ́ Ráálè tí àwọn bàbá wa gùn kò ní ju àwo eléyín kan níwájú àti ẹyọ kan lẹ́yìn. Bí òkè bá dé, olówó kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, á ti ẹrù rẹ̀ gòkè, á tún gùn ún níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́. Nígbà tó yá, alùpùpù gba ojú títì mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, tí gbogbo ayé ń pè é ní ọ̀kadà. Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí í ṣe ti Olóyè Gabriel Igbinedion, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìlú Okada gan-an wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó tó bá Ọ̀sẹ́ pààlà.

Ọ̀kadà kò ṣeé fi ṣeré mọ́ lóde òní. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Jálá epo bẹntiróòlù kan tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦480 láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún yẹn, ó ti lé ní ₦600, ní ọdún 2024 ó sì kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà náà, bí ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo kẹ̀kẹ́ tó ti gbé kọ́ sára ògiri.

Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tó pọ̀ lọ́jà ní báyìí kì í ṣe Ráálè àtijọ́ mọ́. Tòkunbọ̀ ni, táyà rẹ̀ fẹ̀, àwo eléyín mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀, mẹ́fà tàbí méje tàbí mẹ́jọ lẹ́yìn. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ ni nǹkan kékeré kan tó wà lókè àwo eléyín iwájú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọ ara wọn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí ṣéènì ń gba àárín wọn kọjá. Bí èèyàn bá yí ọwọ́ jíà tó wà lápá òsì, wáyà á fa ẹ̀mú náà, ẹ̀mú á sì ti ṣéènì láti orí àwo kan bọ́ sórí òmíràn. Jíà iwájú ni èyí. Front derailleur ni wọ́n máa ń kọ sára páálí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gun òkè lè rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ṣéènì bá wà lórí àwo kékeré tó ní eyín 22 níwájú, tó sì wà lórí eléyín 28 lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dààlì lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn kò ní yí tán lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 26 kò ní lọ ju mítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ fúyẹ́, ẹrù á sì gòkè. Bí ṣéènì bá wà lórí eléyín 42 níwájú àti 14 lẹ́yìn, ìyípo ẹsẹ̀ kan yẹn á gbé kẹ̀kẹ́ lọ ju mítà mẹ́fà. Ìyẹn dára ní títì tó tẹ́jú láàárín Ọ̀wọ̀ sí Ìpele. Ẹni tó bá gbé e dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ló máa ròyìn.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Ká sọ pé bàbá àgbẹ̀ kan fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìfọ́n, ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ láti ra jíà iwájú tuntun.

“Ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi wá jíà iwájú kẹ̀kẹ́.”

“Ẹ káàsán, bàbá. Irú èwo ni?”

“Ti kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni, ọmọ mi. Èyí tó dára ni kí o mú wá.”

Ọmọ ọlọ́jà á mú èyí tó ń dán jù wá. Bàbá á sanwó, á dúpẹ́, á wọkọ̀ padà. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ìdè rẹ̀ á ti tóbi ju páìpù lọ, tàbí kó jẹ́ pé òkè ni wọ́n ṣe é kí wáyà ti máa fà á, tí wáyà kẹ̀kẹ́ bàbá sì ń ti ìsàlẹ̀ wá. Owó jíà ti lọ, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti lọ, iṣu ṣì wà lóko. Ọlọ́jà kò parọ́, bàbá náà kò sì jẹ̀bi. Ohun tó fà á ni pé jíà iwájú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú rà.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́ ni Yorùbá wí, páìpù kẹ̀kẹ́ sì ni ká kọ́kọ́ wọ̀n. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀ fún páìpù tó dúró lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ìdè jíà iwájú ti ń dì mọ́ ọn: mìlímítà 28.6, 31.8 àti 34.9. Ìnṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà wọn fi rí wọ́gọwọ̀gọ báyìí. Ẹni tí kò ní irin ìwọ̀n àwọn mẹkáníìkì kò nílò rẹ̀ rárá. Kí ó nu ẹrẹ̀ àti gírísì kúrò lára páìpù, kí ó fi òwú tàbí tépù aránṣọ wé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí ìdè máa wà, kí ó sàmì síbi tí orí òwú ti pàdé ara rẹ̀, kí ó sì tẹ́ òwú náà sórí rúlà ọmọ iléèwé. Bó bá jẹ́ sẹ̀ńtímítà 9, ti 28.6 ni. Bó bá jẹ́ 10, ti 31.8 ni. Bó bá jẹ́ 11, ti 34.9 ni. Kò sí ìṣirò mìíràn níbẹ̀. Páìpù irin àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí ti alumíníọ̀mù máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òwú ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe ojú.

Àwọn tó ń ṣe jíà yìí mọ ìṣòro náà. Àwọn kan lára wọn máa ń ṣe ìdè ńlá ti 34.9, wọ́n á wá fi òrùka méjì sínú páálí rẹ̀ tí wọ́n lè fi sọ ọ́ di 31.8 tàbí 28.6. Bí ẹ bá rí irú èyí lọ́jà, òun ló rọrùn jù láti rà. Bí kò bá sí, bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ẹ lè gé páànù agolo ohun mímu, kí ẹ fi wé páìpù títí tí ìdè fi máa há, tó bá jẹ́ pé àlàfo díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Rọ́bà ijọ́un, èyí tí àwọn kan ń gé lára tíúbù, kò dára fún iṣẹ́ yìí. Bí wáyà bá ti fà á gidi, rọ́bà á yọ̀, gbogbo jíà á sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kẹ̀kẹ́ mìíràn wà tí kò lo ìdè rárá, tó jẹ́ pé bóòtù kan ṣoṣo ni wọ́n fi de jíà mọ́ irin tí wọ́n ti jó mọ́ ara páìpù. Ìdè kankan kò wúlò fún ìyẹn.

Lẹ́yìn páìpù, ẹ tọ ipasẹ̀ wáyà. Bí wáyà bá gba abẹ́ páìpù òkè wá, tó sì ti apá ìjókòó sọ̀ kalẹ̀ sórí jíà, òkè ló ti ń fà á. Bó bá gba abẹ́ ibi tí pẹ́dààlì ti ń yí, tó wá yọ sókè, ìsàlẹ̀ ló ti ń fà á. Èyí tí wọ́n ṣe fún òkè kò lè gbọ́ tí ìsàlẹ̀, àfi èyí tí wọ́n ṣe fún méjèèjì, ó sì wà lọ́jà. Ẹ tún wò ó bóyá ìdè jíà àtijọ́ ga ju ẹ̀mú rẹ̀ lọ tàbí ó wà nísàlẹ̀, nítorí ibi tí ìdè máa jókòó sí lè ti ní ihò bóòtù tàbí irin mìíràn tó dí i lọ́nà. Fún gbogbo ìwọ̀nyí, ọgbọ́n kan ló borí: ẹ tú jíà tó ti bàjẹ́ náà, kí ẹ gbé e lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Irin tó ti dípẹtà yẹn mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà ju ẹ̀yin àti ọlọ́jà lọ.

Eyín ló kàn. Ẹ ka eyín àwo tó tóbi jù níwájú, tàbí kí ẹ wo ara rẹ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà náà sí i. Lára kẹ̀kẹ́ táyà fẹ̀ǹfẹ̀, 42, 44 tàbí 48 ló wọ́pọ̀. Lára kẹ̀kẹ́ eré ìdíje tí ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, ó lè jẹ́ 50 sí 53. Bí àwo ṣe yípo ni wọ́n ṣe tẹ ẹ̀mú jíà, nítorí náà èyí tí wọ́n ṣe fún 53 máa fi àlàfo sílẹ̀ lórí 42, ṣéènì á sì máa lọ́ tìkọ̀. Ẹ yọ iye eyín àwo kékeré kúrò nínú ti ńlá pẹ̀lú. Ẹni tó ní 48 àti 28 rí 20, ẹni tó ní 42 àti 22 náà rí 20. Jíà tí kò bá lè gba ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, ṣéènì á máa wọ́ lórí ìsàlẹ̀ ẹ̀mú rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ sórí àwo kékeré. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwo méjì pẹ̀lú kò yẹ ẹni tó ní mẹ́ta, nítorí ẹ̀mú rẹ̀ kò jìn tó.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ jíà gba àlàyé díẹ̀. Ilé iṣẹ́ Shimano, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Sakai lórílẹ̀-èdè Japan ní ọdún 1921, ló gbé ọwọ́ jíà tó ń dún “kà, kà” jáde ní ọdún 1984, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Kí ìyẹn tó dé, ọwọ́ ni èèyàn fi ń mọ ibi tí ṣéènì ti jókòó dáadáa. Ọwọ́ jíà àtijọ́ yẹn kì í yan ẹnikẹ́ni lódì: jíà iwájú yòówù tó bá ti wọ páìpù, ó lè fà á. Èyí tó ń dún ló máa ń ṣe ìjọ̀ngbọ̀n, torí iye wáyà tó ń fà lẹ́ẹ̀kan ti ní òdiwọ̀n, ti kẹ̀kẹ́ eré ìdíje sì yàtọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́ táyà fẹ̀ǹfẹ̀. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ní ti ṣéènì, ẹni tó ní eléyín mẹ́fà, méje tàbí mẹ́jọ lẹ́yìn kò ní wàhálà kankan láàárín wọn. Ti mẹ́wàá àti mọ́kànlá ló tín-ín-rín gan-an.

Bí wọ́n bá ń dè é, kí irin ìta ẹ̀mú ga ju eyín àwo ńlá lọ ní mìlímítà kan sí mẹ́ta, kí ó sì nà gbọọrọ bákan náà pẹ̀lú àwo. Síkúrù kékeré méjì ló wà lórí rẹ̀. Bí ṣéènì bá ń já sápá páìpù, èyí tí wọ́n kọ L sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fún. Bó bá ń já sápá ẹsẹ̀, H ni. Ṣéènì gbọ́dọ̀ wà lórí àwo tó kéré jù, ọwọ́ jíà sì gbọ́dọ̀ dẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tó fún wáyà.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo èyí wà fún, ẹ yọ ọ́ dànù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àṣìsọ pátápátá. Láti ọdún 2012 tí ilé iṣẹ́ SRAM ti Amẹ́ríkà ti gbé XX1 jáde, tó ní àwo kan ṣoṣo níwájú àti eléyín mọ́kànlá lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè tuntun nílẹ̀ òyìnbó ni kò ní jíà iwájú mọ́. Ṣùgbọ́n eléyín tó tóbi jù lẹ́yìn tiwọn tó 42. Tòkunbọ̀ tí tirẹ̀ kò ju 28 lọ kò lè fi ara rẹ̀ wé e. Ẹni tó wà ní Ọ̀kèlúsè lè fi ṣéènì sórí àwo àárín, kí ó má ra jíà kankan, iṣẹ́ rẹ̀ á máa lọ. Ará Ìdóànì tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á tún padà sí títi ẹrù gòkè bí ìgbà Ráálè.

Bó bá sì jẹ́ wáyà nìkan ló já, tí owó kò tíì sí lọ́wọ́, jíà náà ṣì wúlò. Sípíríǹgì inú rẹ̀ á ti fa ẹ̀mú lọ sórí àwo kékeré. Ẹ fún síkúrù L wọlé díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ̀mú fi máa dúró sórí àwo àárín, tí síkúrù náà bá gùn tó bẹ́ẹ̀. Á wà níbẹ̀, kò ní yí jíà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ṣéènì já nínú gegele. Nígbà tí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ dá a padà, kí ṣéènì lè bọ́ sórí àwo kékeré. Ẹnu ọ̀bẹ tó kú ti tó fún un.