Ọ̀yà Tọ́ sí Ẹni tí Ó Kọ̀wé



Arábìnrin kan nínú ìjọ wa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, mú lẹ́tà kan tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ti kọ ìtàn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dára púpọ̀. Àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní ilé iṣẹ́ ìwé ní Ìlú Ọba kọ̀wé sí i pé ìtàn náà wu àwọn, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní kí a bá òun gbàdúrà kí owó náà lè pé. A gbàdúrà, ṣùgbọ́n ohun tí a béèrè ni pé kí Olúwa la ojú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ìwé ìròyìn ni ó ń sanwó fún òǹkọ̀wé. Òǹkọ̀wé kì í sanwó fún ìwé ìròyìn.

Jésù Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ni nínú Lúùkù 10:7 pé ọ̀yà tọ́ sí alágbàṣe. Iṣẹ́ ni ìwé kíkọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Ìlú Ọba ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń san owó fún un. Àwọn ọmọ wa tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn yìí lè jẹ nínú rẹ̀, bí wọ́n bá mọ ọ̀nà. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ mọ ilé tí ẹ fẹ́ kàn

Ìwé kan wà tí a ń pè ní Writers' & Artists' Yearbook. Ọdọọdún ni ilé iṣẹ́ Bloomsbury ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ àwọn ìwé ìròyìn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irú iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ àti ibi tí a lè kọ̀wé sí. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ wá a lọ sí ilé ìkàwé.

Ẹni tí ó ń kọ ìtàn àròsọ lè wo The People's Friend, tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland láti ọdún 1869. Ìtàn tí gbogbo ìdílé lè kà láìtijú ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì máa ń gba ti òǹkọ̀wé tuntun. Church Times, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1863, ń sọ̀rọ̀ nípa ìjọ, pàápàá ìjọ Áńgílíkà. The Voice bẹ̀rẹ̀ ní 1982 fún àwọn ènìyàn dúdú Ìlú Ọba. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ ka ẹ̀dà mélòó kan, kí ẹ sì ka ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé.

Bí a ti ń kan ilẹ̀kùn

Bí ó bá jẹ́ ìtàn àròsọ, odindi rẹ̀ ni a sábà máa ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àpilẹ̀kọ, lẹ́tà kúkúrú ni a ń kọ́kọ́ kọ sí olóòtú: kí ni ẹ fẹ́ sọ, èé ṣe tí ó fi yẹ ní àkókò yìí, èé sì ti ṣe tí ó fi jẹ́ ẹ̀yin ni ó yẹ kí ó kọ ọ́? Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ kọ nípa àwọn Yorùbá ní London, ó ti fẹ̀ jù. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ kọ nípa àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ yín ní Peckham, tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ òru wá sí ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, olóòtú yóò fetí sílẹ̀. Ẹ má ṣe jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ o. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́ kí ẹ wá fi orúkọ ara yín sí i. Irọ́ ni.

Ẹ má tijú láti béèrè owó

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ béèrè iye tí wọn yóò san, ọjọ́ tí wọn yóò san án, àti àṣẹ tí wọ́n ń rà lórí iṣẹ́ náà. Lábẹ́ òfin 1988 ti Ìlú Ọba, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ni ó ni ohun tí ó kọ, àyàfi bí ó bá fi ọwọ́ sí ìwé pé òun gbé e lé wọn lọ́wọ́ pátápátá. Nítorí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn, NUJ, tí ó ti wà láti 1907, a máa tọ́ni sọ́nà lórí iye tí ó yẹ kí a gbà.

Bí owó bá pẹ́, òfin 1998 fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè èlé ìdá 8 nínú 100, lé lórí iye èlé ti Bank of England. Bí a kò bá dá ọjọ́, 30 ọjọ́ ni òfin fún wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dá ọ̀yà alágbàṣe dúró. Ẹ ka Jákọ́bù 5:4.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba

A fẹ́ kìlọ̀ fún yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹni tí ó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, irú ìwé kíkọ bẹ́ẹ̀ sì wà nínú èyí. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo kò tó ohun tí a ń fi físà dán wò. Ẹ dúró di ìgbà tí ìwé yín bá gbà yín láàyè. Ẹni tí ó bá sì ní àṣẹ, láti 2017 ni £1,000 àkọ́kọ́ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kò ti ní owó orí nínú. Èyí tí ó bá lé, ẹ fi ti Késárì fún Késárì.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí fi iṣẹ́ tí ẹ ń jẹ sílẹ̀. Ìdáhùn lè pẹ́, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Arábìnrin wa kò fi owó náà ránṣẹ́ mọ́. Ó mú ìtàn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, wọ́n dá a padà. Ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí a ti ń kọ èyí.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ti yín. Kí ẹ má ṣe ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, ní orúkọ Jésù. Àmín.