Amí Ilé àti Owó Ayédèrú nínú Fíìmù 5 Fingers

Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná janjan, orílẹ̀-èdè Tọ́kì kò tí ì gbè sẹ́yìn ìhà kankan. Nítorí èyí, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì jọ ń gbé ní Ankara, olú-ìlú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Joseph L. Mankiewicz fi ṣe ibùdó ìtàn fíìmù 5 Fingers, tí ó jáde ní 1952. Ìwé tí L. C. Moyzisch, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú Jámánì, kọ nípa ọ̀rọ̀ náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Diello ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tí ń tọ́jú aṣọ ọ̀gá rẹ̀. Ikú ilé tí Yorùbá máa ń sọ nìyí. Elyesa Bazna ni ẹni gidi tí a fi ya àwòrán rẹ̀. Cicero ni orúkọ àdàpè tí àwọn ará Jámánì sọ ọ́. Ó ń fi kámẹ́rà ya ìwé àṣírí ọ̀gá rẹ̀, á sì dá ìwé náà padà sí àyè rẹ̀. £20,000 ni ó gbà fún fíìmù kámẹ́rà méjì àkọ́kọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó fakọ yọ jù lọ nínú eré náà kò ní ìbọn nínú. Wọ́n ti so agogo ìdágìrì mọ́ àpótí irin. Diello yọ fíùsì kí agogo náà má baà dún, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin tí ń tún ilé ṣe rí i pé ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ òun kò ṣiṣẹ́, ó dá fíùsì padà, gbogbo ilé sì mì tìtì. Àìmọ̀kan ẹni tí kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni ni ó tú àṣírí ọlọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí ni ọjà fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni Bazna ń tà, síbẹ̀ Ribbentrop, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Jámánì, ń fura pé ẹ̀tàn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ayédèrú sì ni púpọ̀ nínú owó tí wọ́n san fún un, èyí tí wọ́n fipá mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ní àgọ́ Sachsenhausen.

Ẹ̀dá àtinúdá ni Anna Staviska, ìyàwó ìjòyè tí ó da Diello nínú fíìmù. Ó mú kí ìfẹ́ Diello láti di ọ̀gá hàn gbangba, ṣùgbọ́n ó gba àyè Cornelia Kapp, akọ̀wé Moyzisch, tí ó sá lọ bá àwọn ọ̀tá Jámánì ní 1944. Olùkọ́ tí yóò lo fíìmù yìí ní kíláàsì ìtàn kò gbọdọ̀ fo èyí.

Ní Rio de Janeiro, Diello gbọ́ pé ayédèrú ni owó òun, ó bú sẹ́rìn-ín. Ní ti Bazna, ìjọba Jámánì ni ó lọ bẹ̀bẹ̀ owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Wọn kò fún un. Munich ni ó kú sí ní 1970.