Òkúta Tí Ó Já Bọ́ ní Zagami

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun níhìn-ín, ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ tọ̀ mí wá. Ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì ní àwọn onímọ̀ ń wá ẹ̀dá alààyè nínú ìràwọ̀. “Alfa, ọmọ mi ti di kèfèrí. N kò ní í san owó ilé-ìwé rẹ̀ mọ́.”

Mo ní kí ó jókòó. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná lóko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, lágbègbè Katsina, nígbà tí òkúta kan já bọ́ láti òkè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wọ̀n tó kílò 18. Ọlọ́run ló yọ ọ́! Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sínú òkúta yìí bá ti ìràwọ̀ Mars mu, èyí tí ọkọ̀ Viking wọ̀n níbẹ̀ ní 1976. Òun ni Lárúbáwá ń pè ní Mirrikh.

“Ẹ̀mí wà nínú òkúta náà bí?”

Rárá, òkúta iná ilẹ̀ ni. Omi ni wọ́n ń wá, àti kábọ̀n, tí ó kún inú èédú tí ẹ fi ń dáná, tí ó sì wà nínú ẹran ara wa. Ní 2021, ọkọ̀ Perseverance gúnlẹ̀ sí ibi tí adágún wà rí ní Mars, láti wá àmì ẹ̀dá tíntìntín. Ẹnikẹ́ni kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó rí ọ̀kan.

Súratul-Anbiyai (21:30) so ẹ̀dá alààyè mọ́ omi. Súratul-Ṣúra (42:29) sọ nípa ẹ̀dá tí Ọlọ́run fọ́n ká sánmà àti ilẹ̀. Àwọn kan ní màlékà ni. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ọmọ tí ń wádìí iṣẹ́ Ọlọ́run ní kèfèrí?

Ìyá náà ní òun yóò rò ó wò.