Bí A Ṣe Ń Fi Wéètì sí Katakata Láìséwu

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Òkè-Ògùn, láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Igbe, tí katakata wọ oko, a máa ń rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì pé kó fi ara tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á dúró sórí dísìkì ìtúlẹ̀ kó lè wọlẹ̀ dáadáa. Ènìyàn kì í ṣe wéètì, ìyẹn irin tàbí omi tí a fi ń mú katakata wúwo. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, abẹ́ táyà tàbí abẹ́ dísìkì ló ń lọ.

Dísìkì tó wà lẹ́yìn ló ń mú iwájú fúyẹ́. Bí iwájú bá fúyẹ́, sìtíárì ò ní gbọ́ràn mọ́. Bó bá gbéra nílẹ̀, katakata lè dojú dé awakọ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Nítorí náà, nínú gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti dísìkì tó gbé sókè, ìdá 20 nínú 100 ló kéré jù tó gbọ́dọ̀ wà lórí táyà iwájú.

Irin tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ rọ fún imú rẹ̀ àti fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló yẹ ká lò, kì í ṣe àpò yanrìn tí a fi okùn so. A tún lè bu omi sí táyà ẹ̀yìn: lítà kan, kìlógírámù kan. Kó má kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táyà. Atẹ́gùn ló ni ìyókù. Nílùú olótùútù, wọ́n ń po iyọ̀ kan mọ́ ọn kó má baà dì. Tiwa ò nílò rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pó tó? Ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Bí dísìkì ti ń túlẹ̀, kí ẹnì kan dúró lókèèrè, kó ka ìgbà 10 tí àmì náà yí, kí ẹ sì ri igi mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ padà, ẹ gbé dísìkì sókè, ẹ tún ibẹ̀ gbà. Bó bá yí ní ìgbà 9, ó dára. Bí kò bá tó ìgbà 8 àbọ̀, táyà ń yí lójú kan, wéètì kò tó. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 10, ó ti pọ̀ jù: ilẹ̀ á dì, epo á máa ṣòfò, jíà á sì máa jìyà. Ẹ má kọjá iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti so wéètì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa búrékì, ẹ sọ dísìkì kalẹ̀, ẹ fi òkúta dènà táyà. Kí ènìyàn méjì jọ gbé irin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dì lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Wéètì ò gba ẹni tó so ṣéènì mọ́ òkè ẹ̀yìn katakata láti fa kùkùté: ọkọ̀ ṣì lè dojú dé e. Irin ìfàkẹ̀rù ìsàlẹ̀ ni ká so ó mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni katakata, ẹ ra wéètì kí òjò tó dé, kí ẹ sì sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.