Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí Ebola ò rí pa: Ta ló mọ bí agbára ẹ̀ ṣe tó?

Ọ̀rọ̀ Ebola kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà rárá. Lọ́dún 1995 tó bẹ́ sílùú Kikwit, lórílẹ̀-èdè Kóńgò tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà yẹn, nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́jọ ló ń kú. Làwọn dókítà bá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí àìsàn náà ò rí pa, wọ́n fà á sára aláìsàn mẹ́jọ. Háà, méje ló yè!

Inú àwọn èèyàn dùn, àmọ́ àwọn kan ní kí wọ́n má tíì jó. Wọ́n ní àìsàn náà ti fẹ́ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó fún àwọn mẹ́jọ náà lẹ́jẹ̀, ìtọ́jú wọn sì dáa ju tàwọn tó kọ́kọ́ kú lọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló wò wọ́n ni àbí ìtọ́jú?

Nígbà tí Ebola tún ń ṣọṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Guinea lọ́dún 2015, wọ́n dán an wò nílùú Conakry. Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pílásímà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti gbádùn, wọ́n fún aláìsàn 84, ọ̀rá méjì-méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á, 31 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí kò gbà á, 38. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro ọjọ́ orí àwọn aláìsàn àti bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó lára wọn mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà ò tó ohun téèyàn ń fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: kò sẹ́ni tó mọ iye áńtíbọ́dì, ìyẹn ọmọ ogun ara, tó wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fà sí wọn lára. Kéèyàn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á la pílásímà náà, wọ́n á tún là á títí tí á fi fẹ́lẹ́, wọ́n á wá pò ó mọ́ kòkòrò Ebola tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n wò ó bóyá á ṣì dá a dúró. Irú iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣe níbikíbi, àfi nínú yàrá àyẹ̀wò tí ààbò ẹ̀ le jù lọ. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni wọ́n wọn iye áńtíbọ́dì náà, wọn ò sì rí i pé àwọn tó gba èyí tó pọ̀ ló yè jù.

Ṣé kí wọ́n dà á nù ni? Rárá o. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tó yè ní Kikwit, tí áńtíbọ́dì ṣì wà lára ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, wọ́n ṣa ẹyọ kan tó lágbára, wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n sọ ọ́ ní mAb114. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Kóńgò lọ́dún 2018 sí 2019, bíi 35 ló kú nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á, nígbà tó jẹ́ pé bíi 50 ló kú nínú àwọn tó gba oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní ZMapp. Ní Disẹ́ńbà 2020, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Ẹni tí Ebola ò rí pa lọ́dún 1995 ló di oògùn fáwọn ẹlòmíì yẹn o.