Ṣé O Mọ̀? Ìjókòó Ọ̀kadà fún Ìrìn Jíjìn, Láti Ọ̀wọ̀ Dé Ìfọ́n

Ṣé o mọ̀ pé alùpùpù àkọ́kọ́ tó ń lo epo láyé, ìjókòó rẹ̀ gbiná lábẹ́ ẹni tó gùn ún? Oṣù kọkànlá ọdún 1885 ni, ní ilẹ̀ Jámánì. Paul, ọmọ Gottlieb Daimler tó ṣe é, ọmọ ọdún 16, ló wà lórí rẹ̀, ọ̀pá gbígbóná tó ń tanná ran epo sì wà ní abẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an! Bí oòrùn ọ̀sán bá ta ìjókòó rẹ ní gáréèjì Ọ̀wọ̀ tí o fò dìde, rántí pé ọjọ́ tí wọ́n ti bí alùpùpù ni ìjókòó rẹ̀ ti ń jó ènìyàn nídìí.

Òfin wà fún orí, kò sí fún ìdí! Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí káàkiri Nàìjíríà, àwọn kan sì gbé igbá àti ike ọ̀dà borí kí wọ́n má baà mú wọn. Ìdí tó ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ló máa bá a wá tirẹ̀.

Eegun méjì péré ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara rẹ nígbà tí o bá jókòó! Kò dá ọ lójú? Jókòó lé ọwọ́ ara rẹ báyìí, wàá bá wọn pàdé: kókó líle méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìjókòó ọ̀kadà dá lé lórí.

Ta ló mọ̀ pé páálí Indomie lè sọ bí ìjókòó rẹ ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Tẹ́ páálí náà sórí àga líle, jókòó lé e fún ìṣẹ́jú kan, dìde, kí o wo ojú méjì tó tẹ̀ wọnú. Bí wọ́n ṣe jìnnà síra ni eegun ìdí rẹ ṣe jìnnà síra. Ìjókòó tí kò bá gba ojú méjèèjì yẹn dáadáa, kó tún ṣẹ́ kù díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, má rà á, bó ti wù kó dán tó.

Eegun ìdí obìnrin sábà máa ń jìnnà síra ju ti ọkùnrin lọ. Ìyá tó ń gun máṣíìnì lọ sọ́jà Ìpele kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ bá a yan ìjókòó!

Ìjókòó tó rọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá ènìyàn lóró lójú ọ̀nà. Ó yà ọ́ lẹ́nu, àbí? Láti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ju kìlómítà 30 lọ. Kí o tó débẹ̀, fóòmù rírọ̀ náà ti tẹ̀ títí ó fi kan ike ìsàlẹ̀, eegun rẹ ti ń jókòó lórí ike. Èyí tó le díẹ̀, tí o fajú ro sí nígbà tí o fẹ́ rà á, ni wàá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wo àpótí tí ìyá àgbà ń jókòó lé dáná: igi líle ni, kò sí fóòmù nínú ọ̀ràn rẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ jin wọnú díẹ̀, ó gba ìdí, ìyá sì lè jókòó lé e títí ẹ̀wà yóò fi jinná. Bí ojú ìjókòó ṣe rí lágbára ju bó ṣe rọ̀ lọ.

Fi àtàǹpàkò tẹ ìjókòó tí o fẹ́ rà, kí o tẹ̀ ẹ́ gidi! Bí ìka rẹ bá kan ike, ìdí rẹ náà yóò kàn án, nítorí ìdí wúwo ju ìka lọ. Bí o bá sì gbé ọwọ́ kúrò tí ojú ibẹ̀ kò tètè dìde, fóòmù náà ti rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé inú ẹ̀rọ ilé ìdáná ni fóòmù rọ́bà ti jáde? Ọdún 1929 ni E. A. Murphy, ọmọ ilé iṣẹ́ Dunlop nílùú Bámínǹgámù, fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì lu oje igi rọ́bà títí ó fi hó bí ọṣẹ, tó sì dì. Ìjókòó alùpùpù sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe!

Igi tó ń sun oje yẹn kò jìnnà sí wa rárá. Bí o bá gba Ìfọ́n kọjá, tí o forí lé Benin, tí o kọjá ìlú náà díẹ̀, wàá dé Iyanomo, níbi tí ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí igi rọ́bà wà. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ara igi ni ìtura ìdí ti ń wá.

Ti òde òní ńkọ́? Fóòmù inú ọ̀pọ̀ ìjókòó báyìí, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é: ọmọ Jámánì kan, Otto Bayer, ló rí ọ̀nà rẹ̀ ní 1937, ẹbí fóòmù yìí náà ni mátírẹ́ẹ̀sì tí Vitafoam, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1962, ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹbí kan náà ni ibùsùn rẹ àti ọ̀kadà rẹ! Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gé àlòkù mátírẹ́ẹ̀sì sínú ìjókòó rẹ, èyí tí àwọn ọmọ ti fò lé títí kò ní okun tó máa gbé ọ dé Ìdóàní.

Àṣírí rèé, fetí sílẹ̀: fóòmù méjì dára ju ọ̀kan lọ. Sọ fún ẹni tó máa bá ọ tún ìjókòó rán pé kí èyí tó le wà nísàlẹ̀, kí èyí tó rọ̀, tó sì tinrin, wà lókè. Èyí tó wà lókè á gba ara, èyí tó wà nísàlẹ̀ á gba kòtò.

Ihò abẹ́rẹ́ lè fi omi wẹ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn! Òjò àná ni ó gba ojú rírán wọ inú fóòmù, o nu lẹ́dà gbẹ, o jókòó, omi sì rú jáde sí ṣòkòtò rẹ. Kí ojú rírán má ṣe sí láàárín ibi tí ìdí ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ni kó wà. Ìdí yóò dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ojú rírán tó ga máa ń gún ènìyàn.

O ṣì fi ọ̀rá tó bò ó láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó rẹ, kó lè máa jẹ́ tuntun? Ya á dànù lónìí! Ó ń sé ooru àti òógùn mọ́ ọ lábẹ́, awọ ara tó bá sì ti tutù fún òógùn ló máa ń tètè bó.

Awọ àgùntàn ńkọ́? Àwọn tó ń gun alùpùpù jìnnà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù máa ń tẹ́ awọ àgùntàn onírun sórí ìjókòó, kì í ṣe nítorí òtútù nìkan: irun náà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, kì í sì í jẹ́ kí òógùn dúró. Àwọn mìíràn ń lo ìlẹ̀kẹ̀ onígi tí wọ́n sín pọ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ takisí ń tẹ́ sórí àga wọn. Igi lábẹ́ ìdí, ara sì tù wọ́n!

Èyí tún wá: afẹ́fẹ́ díẹ̀ tura ju afẹ́fẹ́ púpọ̀ lọ. Ìrọ̀rí aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní AirHawk, ilé iṣẹ́ ROHO ló ṣe é, àwọn tó ń ṣe ìrọ̀rí kẹ̀kẹ́ fún àwọn tí kò lè rìn kí ìdí wọn má baà dégbò. Bí o bá fẹ́ ẹ kó kún dẹ́dẹ́, yóò máa tì ọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, kó kàn gbé ọ kúrò nílẹ̀ díẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ ló ń dùn ọ́, ìjókòó ló sì lè jẹ̀bi! Bí ìjókòó bá dà síwájú, o ó máa yọ̀ lọ sídìí táǹkì, ọwọ́ rẹ ni yóò sì máa ti ara padà ní gbogbo ọ̀nà. Kó tẹ́jú, tàbí kí iwájú ga díẹ̀ ṣín-ún.

Ẹsẹ̀ tó kú tán kí o tó dé Ùtè ńkọ́? Wo etí ìjókòó lábẹ́ itan rẹ: bó bá mú ṣánṣán, òun ló ń tẹ iṣan. Etí tó rọ́bọ́tọ́ ni o ń wá.

Owó tó wà lápò ẹ̀yìn lè di àìsàn. Àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpamọ́wọ́ tó nípọn lábẹ́ ìdí kan máa ń tẹ iṣan ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá, ìrora á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ìwọ tó ń ká náírà jọ sápò ẹ̀yìn, gbé e wá síwájú!

Ṣé o mọ̀ pé ìjókòó burúkú gbé nǹkan bí 80,000 sójà Amẹ́ríkà lọ sílé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì? Kókó àti egbò ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lókè ìdí gan-an, ni. Gbígbo tí jíìpù ń gbo wọ́n lójú ọ̀nà tí kò dára ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n sì sọ ọ́ ní “àìsàn jíìpù”. Ojú ọ̀nà oko wa náà mọ gbígbo, ìjókòó rere kì í ṣe fàájì.

Gbígbọ̀n tó máa ń ba ẹ̀yìn jẹ́ jù, kì í ṣe èyí tó yára jù! Bó bá ti ń gbọ̀n ọ́ bí ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ara tó jókòó á bá a jó, eegun ẹ̀yìn á gbà á pọ̀ ju bí ìjókòó ṣe fi ránṣẹ́ lọ. Ọ̀nà tí kò lọ́dà, tó rí gbágungbàgun, mọ ijó yẹn dáadáa, nítorí náà yẹ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wò kí o tó bú ìjókòó.

Ọdún 46 ni Harley-Davidson fi sọ ìjókòó di ṣọ́ọ̀kì! Ní 1912 wọ́n gbé ìjókòó lé orí ọ̀pá onísípíríǹgì, ó sì di 1958 kí àwọn alùpùpù ńlá wọn tó ní ṣọ́ọ̀kì gidi lẹ́yìn.

Ta ló ń jìyà jù, ẹni iwájú ni àbí èrò ẹ̀yìn? Èrò ni! Ẹni iwájú jókòó sí àárín táyà méjèèjì, níbi tí fífò kò ti pọ̀; èrò jókòó sórí táyà ẹ̀yìn gan-an, gbogbo kòtò tààrà sí i ni. Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Òkèlùsé, ẹ̀yìn ni kó ti kọ́kọ́ ná owó fóòmù.

Boxer tí ilé iṣẹ́ Bajaj ní Íńdíà ń ṣe, ohun tí àwọn kan fi ń bú u ni oore rẹ̀: ìjókòó rẹ̀ gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìjókòó tó ní kòtò tó dì ọ́ mú máa ń dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lórí èyí tó tẹ́, o lè sún síwájú, sún sẹ́yìn, kí eegun méjèèjì máa pààrọ̀ ibi ìsinmi. Tún máa dìde lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan níbi tí ọ̀nà bá ti dán, kí ẹ̀jẹ̀ ríbi gbà.

Ọkùnrin tó ń rán ìjókòó ló fi alùpùpù sáré ju 260 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, láìlo epo! Mike Corbin ni, ará Amẹ́ríkà, lórí alùpùpù oníná bátìrì ní 1974. Ìjókòó líle tó máa ń gba ìdí ẹni bí ó bá ṣe ń pẹ́ ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìwọ gbọ́ èyí: ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, Iron Butt, tí kì í gbà ọ́ wọlé àfi bí o bá gun alùpùpù ju kìlómítà 1,600 lọ láàárín wákàtí 24. Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ nìyẹn ní ju ìgbà 30 lọ, láàárọ̀ sí àárọ̀!

Ọmọ Yorùbá kan gun Vespa káàkiri ayé kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Ọlábísí Àjàlá ni, tí Ebenezer Obey kọ lórin: ọdún 6, láti 1957 sí 1963, orílẹ̀-èdè 87. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1952, kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi la Amẹ́ríkà já láti Ṣíkágò dé Los Angeles, tòun tagbádá!

Ọjọ́ 41 ni Kúnlé Adéyanjú fi jókòó lórí alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní 2022, ó fi wá owó láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọdún méje ṣáájú rẹ̀, Jeminat Olumegbon ti gun tirẹ̀ gba orílẹ̀-èdè 8 kọjá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí kìlómítà 5,000. Ta ní sọ pé ìdí obìnrin kò gba ọ̀nà jíjìn?

Bessie Stringfield, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, sọ ìjókòó di ibùsùn! Nígbà tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì òyìnbó kò gbà á sílé ní nǹkan bí 1930 sí i, ilé epo ló ń sùn: á ká kóòtù rẹ̀ sórí ọwọ́ alùpùpù fi ṣe ìrọ̀rí, á na ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Emilio Scotto, ọmọ Ajẹntínà, lo ọdún 10 lórí Honda Gold Wing, láti 1985 sí 1995: kìlómítà 735,000. Ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga pálọ̀, o ò lè gbé e gba ọ̀nà oko kòkó kankan.

O rò pé ìjókòó Boxer rẹ há? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, sójà Íńdíà 58 gun alùpùpù Royal Enfield kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà! Òfin ojú pópó wa kò gbà ju èrò kan lọ o, má lọ dán an wò ní Ìfọ́n. Àti pé kìlómítà kan àti díẹ̀ péré ni àwọn náà lè lọ kí wọ́n tó sọ̀.