Ẹ má jẹ́ kí ohùn àwọn àgbà kú sínú kásẹ́ẹ̀tì

Bí èèyàn bá wọ ilé àwọn àgbà ní Ìwàré, Fìdítì tàbí Ìlọrà, kì í ṣòro láti rí páálí kan tí kásẹ́ẹ̀tì kún inú rẹ̀. Orin Hárúnà Ìṣọ̀lá tàbí ti Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tà lọ́jà rí: ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ìdílé, tàbí ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ kó tó dágbére fáyé. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, kò síbi tí a ti lè ra òmíràn.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí iléeṣẹ́ Philips gbé jáde lọ́dún 1963, kì í báni kalẹ́. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra, ohùn á sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Àpótí kékeré kan wà tí a fi ń so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB. Nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀, nítorí náà àpótí yìí á wọn ohùn náà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí a bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní DAC á tún sọ nọ́ńbà náà di ohùn. Kọ̀ǹpútà ní ihò tirẹ̀ fún ohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ sábà máa ń dà mọ́ ọn.

Ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn inú síídì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn sì tó etí gbọ́. Fún ohun tí a fẹ́ tọ́jú fún àrọ́mọdọ́mọ, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ohùn lágbàáyé sábà máa ń lo 96,000, ní bíìtì 24. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan á gba nǹkan bíi jígábáìtì 2. Ẹ ní kí wọ́n fi í pamọ́ ní WAV, kì í ṣe MP3, nítorí MP3 máa ń gé lára ohùn dànù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣẹ́ etí méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ẹ fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ tó ń ka tẹ́ẹ̀pù. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká ni kí ẹ lò, torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè da iṣẹ́ rú, jẹnẹrétọ̀ sì lè kó ariwo wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé ìlú mìíràn.

Iṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí kọ̀ǹpútà kò lè báni ṣe. Kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ọmọ bá wálé ọdún, ẹ ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dání, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì máa dárúkọ olóhùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀.